Ohun Tí Ìwé Àtijọ́ Sọ Nípa Àwọn Baba Wa, àti Ohun Tí Ọlọ́hun Bèèrè Lọ́wọ́ Wa

Ìwàásù ọjọ́ Jímọ̀, láti ẹnu Náíbì Ìmáámù

KHUTUBAH KÌÍNÍ

Gbogbo ọpẹ́ àti ẹyìn ń jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ènìyàn láti inú omi, tí ó sì fún un ní ìbátan àti àna. À ń dúpẹ́ fún Un, à ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí ní òdodo bí kò ṣe Ọlọ́hun nìkan ṣoṣo, kò ní akẹgbẹ́. A sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad, ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, a sọ ọ́ ní àsọọ́lẹ̀ fún ara wa àti fún yín pé kí á páyà Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba. Ẹni tí ó bá páyà Rẹ̀ ti là.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí òdodo, ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí ohun kan tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ń bèèrè lọ́wọ́ wa. Wọ́n ń wá ìtàn ìran wọn. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí baba baba wọn jẹ́, ìlú tí ó ti wá, àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe jẹun. Wọ́n ń tú àpótí àwọn àgbà, wọ́n ń yẹ ìwé owó orí àtijọ́ wò, àti ìwé ilẹ̀, àti ìwé ilé ẹjọ́, àti ìwé tí àwọn òyìnbó kọ orúkọ sí nígbà tí wọ́n ń gba àwọn ẹrú sílẹ̀ lójú òkun. Àwọn kan bi wá pé: ǹjẹ́ ẹ̀sìn fi àyè gba èyí? Àwọn mìíràn ti rí ohun tí wọ́n rí, wọ́n sì ń bèèrè pé kí ni kí àwọn ṣe sí i. Ìbéèrè kejì yìí ni ó wúwo jù, nítorí pé ó ti ń tú ilé ká.

Ìmọ̀ ìran nínú ẹ̀sìn wa

Ọlọ́hun fi yé wa nínú Suratul-Hujuraat, ẹsẹ 13, pé láti ara ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni Òun ti dá wa, pé Òun sì ṣe wá ní orílẹ̀-èdè àti ìran kí á lè mọ ara wa, àti pé ẹni tí ó ní àpọ́nlé jùlọ lọ́dọ̀ Òun ni ẹni tí ó páyà Òun jùlọ. Ẹ wo bí ẹsẹ náà ti to ọ̀rọ̀. Ó fi hàn pé ìran wà, ó sọ ohun tí ìran wà fún, ó sì ti ìlẹ̀kùn ìgbéraga pa lẹ́ẹ̀kan náà.

Nínú hàdíìsì tí Imam Tirmidhi gbà wá, Ànábì wa pa á láṣẹ pé kí á kọ́ nípa ìran wa, ìwọ̀n tí a ó fi lè máa da okùn ìbátan pọ̀. Sàábé àgbà nnì, Abu Bakr, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, gbajúmọ̀ ni nínú ìmọ̀ ìran àwọn Kuraiṣi. Nígbà tí Hassan ọmọ Thabit fẹ́ fi ewì dáhùn èébú àwọn ọ̀tá, ọ̀dọ̀ Abu Bakr ni Ànábì ní kí ó kọ́kọ́ lọ, kí ó lè mọ bí ìran ti so mọ́ra wọn, kí ó má baà sọ ọ̀rọ̀ tí yóò ba Ànábì fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ ìran kì í ṣe èèwọ̀. Ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ ni ohun méjì tí Ànábì kà mọ́ ìwà ìgbà àìmọ̀kan, tí ó sì sọ pé àwọn ènìyàn kò ní fi sílẹ̀: fífi ìran ẹni ṣe fáàrí, àti bíbu ẹnu àtẹ́ lu ìran ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé àtijọ́ nítorí ọ̀kan nínú méjì yìí, ì bá sàn kí ó dé e padà.

Iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ìtìjú

Ẹ̀yin ará, púpọ̀ nínú àwọn tí ń wá ìtàn ìran, adé ni wọ́n ń wá. Wọ́n ń retí pé ìwé yóò sọ fún àwọn pé ọmọ ọba ni àwọn. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá sọ òtítọ́, iṣẹ́ ni yóò fi hàn ọ̀pọ̀ nínú wa: àgbẹ̀, ahunṣọ, alágbẹ̀dẹ, aláró, alápatà, agbẹ́gilére, onílù, alágbàrù. Kí ni kí Mùsùlùmí ṣe nígbà náà? Kí ó dúpẹ́ ni.

Ànábì Nuhu, ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi kan ọkọ̀ lábẹ́ àṣẹ Ọlọ́hun, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ti ń kọjá. Ànábì Dauda, ọba ni, síbẹ̀ Ọlọ́hun mú kí irin rọ̀ ní ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń rọ ẹ̀wù ogun. Ànábì Zakariyya, káfíńtà ni. Ànábì Musa fi ọ̀pọ̀ ọdún da ẹran fún àna rẹ̀ kí ó tó gba iṣẹ́ òjíṣẹ́. Ànábì wa sì sọ fún wa nínú hàdíìsì tí Imam Bukhari gbà wá pé kò sí ẹni tí ó jẹ oúnjẹ kan tí ó dára ju èyí tí ó ti inú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá, ó sì fi Ànábì Dauda ṣe àpẹẹrẹ.

Nínú ìwé àwọn onímímọ̀ wa, iṣẹ́ ni ó di orúkọ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Al-Khassaf, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí òfin wákáfù ṣì wúlò títí di òní, ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ẹni tí ń tún bàtà ṣe. Al-Jassas, tí ó ṣe àlàyé àwọn òfin inú Al-Kùránì, iṣẹ́ rírẹ́ ilé ni orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí. Al-Qaffal ará Marw ń rọ kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo títí ó fi tó ẹni ọgbọ̀n ọdún kí ó tó dojú kọ ìmọ̀. Az-Zajjaj, àgbà onímọ̀ èdè Lárúbáwá, iṣẹ́ gíláàsì ni ó ń ṣe. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gé iṣẹ́ kúrò lára orúkọ rẹ̀ kí ó lè dà bí ẹni ńlá.

Àwa Yorùbá náà mọ èyí tẹ́lẹ̀. Oríkì orílẹ̀ ni ìwé àkọ́kọ́ tí àwọn baba wa kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi kọ ọ́. Orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn sọ fún wa pé ilé onílù ni. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọdẹ, ilé ọdẹ ni. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀nà, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà ni. Nígbà tí àwọn baba wa gba Ìsìláàmù, ọ̀pọ̀ pa orúkọ tí ó ní ìjọsìn òrìṣà nínú dà, ohun tí ó tọ́ ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n pípa orúkọ dà kì í ṣe pípa ìtàn rẹ́. Ẹ kọ orúkọ àtijọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ ti ìsinsìnyí, kí ọmọ yín lè mọ iṣẹ́ tí ó bọ́ baba ńlá rẹ̀. Ohun tí ó bá jẹ́ ẹbọ nínú oríkì, ẹ fi sílẹ̀. Ohun tí ó bá jẹ́ ìlú, ìbátan àti iṣẹ́, ẹ mú un.

Ìwé kan tí a kọ ní Bahia

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé Mùsùlùmí ni wọ́n, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Yorùbá, àwọn tí wọ́n ń pè ní Nagô ní ilẹ̀ Brazil.

Ní oṣù kìíní ọdún 1835, nínú oṣù Ramadan, àwọn ẹrú Mùsùlùmí àti àwọn tí ó ti gba òmìnira dìde ní ìlú Salvador ní Bahia. Ogun náà kò ju òru kan lọ, ìjọba sì borí wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí iwájú adájọ́, akọ̀wé sì jókòó tì wọ́n. Ohun tí akọ̀wé náà kọ ṣì wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba Bahia títí di òní. Ó kọ orúkọ olúkúlùkù, ó kọ ìran tí ó ti wá, ó kọ ẹni tí ó ni ín bí ó bá jẹ́ ẹrú, ó sì kọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Ẹ gbọ́ iṣẹ́ wọn. Àwọn kan ń fi èjìká gbé àga tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń jókòó sí kiri ìgboro. Àwọn kan ń ru ẹrù ní etíkun. Bíríkìlà wà nínú wọn, télọ̀ wà, aránbàtà wà, alágbẹ̀dẹ wà, agẹrun wà. Manoel Calafate, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ́ jáde ní ilé tí ó ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó wà nínú orúkọ rẹ̀: ẹni tí ń di ojú pákó ọkọ̀ ojú omi kí omi má baà wọlé. Ọ̀pọ̀ ẹrú nínú wọn ni ó ń wá iṣẹ́ kiri ìgboro, tí ó ń san iye owó tí ọ̀gá dá lé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èyí tí ó bá ṣẹ́ kù ni ó ń jẹ, tí ó sì ń tọ́jú láti fi ra ara rẹ̀ padà.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan wà nínú wọn tí ìwé pè ní Pacífico Licutan, ọmọ Nagô. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ká ewé tábà. Bí a bá ka ìlà yẹn nìkan, a ó sọ pé ẹrú tábà kan ni, a ó sì ṣí ojú ìwé tí ó kàn. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà fi hàn pé olùkọ́ ni, pé àwọn Mùsùlùmí ìlú náà ń bọ̀wọ̀ fún un gidigidi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ọmọ kéú rẹ̀ dá owó jọ láti rà á sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni ọ̀gá rẹ̀ kọ̀. Nígbà tí rògbòdìyàn náà ṣẹlẹ̀, inú ẹ̀wọ̀n ni ó wà. Kì í ṣe pé ó ṣẹ̀, gbèsè ni ọ̀gá rẹ̀ jẹ, wọ́n sì mú un gẹ́gẹ́ bí dúkìá tí wọn yóò tà láti fi san án. Síbẹ̀, wọ́n dá ẹgba 1,200 fún un. Níwájú adájọ́ tí wọ́n ti bi í ní orúkọ, ó ní Bilal ni òun ń jẹ́. Ẹrú kan ní ilẹ̀ àjèjì, tí kò ní ohun kan tí ó lè pè ní tirẹ̀, ó di orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ pe ìrun fún Ànábì mú, ẹni tí òun náà ti jẹ́ ẹrú rí.

Àwọn ọlọ́pàá tún kó ìwé tí wọ́n bá lára wọn àti nínú ilé wọn: ẹsẹ Al-Kùránì tí a fi ọwọ́ kọ, tírà, àti wàláà tí wọ́n fi ń kọ́ kéú. Nínú àwọn ìwé náà, àwọn kan fi hàn pé ọwọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń kọ Lárúbáwá ni. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará. Ẹni tí ó gbé àga olówó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ní alẹ́ ó jókòó ti wàláà. Iṣẹ́ ni akọ̀wé kọ sílẹ̀. Ohun tí ó wà nínú àyà ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà, ìwé àwọn Málááíkà ni ó wà.

Bí ó bá sì ń ṣe ẹnikẹ́ni bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹrú tí ń san owó fún ọ̀gá jìnnà sí ẹ̀sìn wa, kí ó rántí Abu Taibah. Ẹrú ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni fífa ẹ̀jẹ̀ lára, ó sì ní iye tí ó gbọ́dọ̀ máa san fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ náà fún Ànábì wa. Ànábì san owó rẹ̀ fún un, ó sì bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n dín ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kù. Bukhari àti Muslim ni wọ́n gba èyí wá. Òní ni a ṣì mọ orúkọ Abu Taibah, a kò mọ ti ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ ìgbà náà.

Láti Freetown àti Bahia sí Èkó

Ìwé mìíràn wà ní Freetown ní Sierra Leone. Láti ọdún 1808 ni àwọn òyìnbó ti ń kó àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú wá síbẹ̀. Iye àwọn tí wọ́n gúnlẹ̀ síbẹ̀ súnmọ́ 100,000 kí ọ̀rọ̀ náà tó parí. Wọ́n kọ orúkọ wọn sí ìwé, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ọjọ́ orí, bí ó ti ga tó, àti ilà tàbí àpá tí ó wà lára rẹ̀. Lónìí, lé ní 90,000 nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ti Freetown àti ti Havana ní Cuba, ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á. Bí etí òyìnbó ti gbọ́ ọ ni wọ́n kọ ọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ojú nìkan kà á. Ẹ ka orúkọ náà sókè níwájú ìyá àgbà, etí rẹ̀ yóò gbọ́ ohun tí ojú yín kò rí.

Ọ̀nà méjèèjì yìí, ti Freetown àti ti Brazil, pàdé ní Èkó, wọ́n sì pàdé nínú mọ́ṣáláṣí. Mohammed Shitta Bey, Sierra Leone ni wọ́n bí i sí, ọmọ àwọn òbí Yorùbá, òwò ni ó sì ń ṣe. Òun ni ó ná owó rẹ̀ sí mọ́ṣáláṣí tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní ní Ìsàlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4, oṣù keje, ọdún 1894. Ẹni tí ó kọ́ ọ ni João Baptista da Costa, ọ̀gá kọ́lékọ́lé láàárín àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà wá. Owó oníṣòwò kan, ọwọ́ kọ́lékọ́lé kan, ìran méjì tí òkun ti gbé lọ tí ó sì gbé padà, òun ni ó di ilé Ọlọ́hun. Ẹ lọ wò ó bí ẹ bá dé Èkó, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ yín pé iṣẹ́ ọwọ́ ni ẹ ń wò.

Ohun tí ń tú ilé ká

Wàyí o, ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun ni.

Ẹjọ́ kan wá sí iwájú wa ní mọ́ṣáláṣí yìí. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ìhà méjèèjì ń kírun pẹ̀lú wa. Ilé kan ni, tí wọ́n ti jọ ń gbé láti ìran mẹ́rin. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn rí ìwé ẹjọ́ àtijọ́ kan tí ó fi hàn pé baba ńlá ìhà kan nínú wọn kì í ṣe ọmọ bíbí inú ilé náà. Wọ́n rà á ni, ó ń hun aṣọ fún ẹni tí ó rà á, kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ lómìnira. Kò pẹ́ tí ìwé náà fi di ohun ìjà. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ahunṣọ má ṣe sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ẹbí mọ́. Ọ̀rọ̀ náà jáde síta, baba ọmọbìnrin kan tí ó fẹ́ fẹ́ ọ̀kan nínú wọn sì ní òun kò lè fi ọmọ fún ìran ẹrú.

A bi àwọn tí ó mú ìwé náà wá pé: ta ni ó hun aṣọ tí wọ́n tà kí wọ́n tó ra ilẹ̀ tí ilé yín dúró lé lórí? Wọn kò rí èsì fọ̀. Lẹ́yìn náà ni a sọ ohun mẹ́ta tí a fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́.

Èkíní: ẹni tí ó ti di òmìnira ti di òmìnira, àwọn ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ olómìnira. Salim, ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilé Abu Hudhaifah, ni ó ń ṣe Imam fún àwọn sàábé tí ó kọ́kọ́ ṣí wá sí Mẹ̀dínà, nítorí pé òun ni ó mọ Al-Kùránì jù. Zaid ọmọ Harithah ti jẹ́ ẹrú, òun sì ni sàábé kan ṣoṣo tí Al-Kùránì dá orúkọ rẹ̀. Ànábì fi ọmọ ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ obìnrin fún un ní aya, ó sì fi Usamah, ọmọ rẹ̀, ṣe olórí ogun lórí àwọn àgbà sàábé. Ta ni àwa tí a ó wá sọ pé ilé wa ga ju ilé Ànábì lọ?

Èkejì: àwọn ọmọ ahunṣọ náà kò gbọ́dọ̀ fa ìwé náà ya. Ọlọ́hun pa á láṣẹ nínú Suratul-Ahzaab, ẹsẹ 5, pé kí a máa fi orúkọ baba tí ó bí wọn pe àwọn ènìyàn, pé èyí ni ó tọ́ jù lọ́dọ̀ Òun. Ànábì wa sì kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ pe ara rẹ̀ ní ọmọ ẹni tí kì í ṣe baba rẹ̀, Alijanna di èèwọ̀ fún un. Ìkìlọ̀ yìí kan àwọn tí ń ra ìtàn ìran nítorí oyè, àti àwọn tí ń fi orúkọ kún ìwé nítorí ilẹ̀. Ẹ gba baba yín bí ó ti jẹ́. Ahunṣọ tí ó jẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní halal sàn ju ọba tí a yá lọ.

Ẹ̀kẹta: ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yàtọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ yàtọ̀. Bí ẹ bá ń jiyàn lórí ogún, tàbí ọrẹ, tàbí àdéhùn tí àwọn baba yín ṣe, ẹ gbé e wá sí iwájú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú ẹ̀rí àti ẹlẹ́rìí, ẹ sì mú àdéhùn ṣẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ilé ẹjọ́ kankan tí ó lè gba ọ̀wọ̀ kúrò lára Mùsùlùmí. Okùn ìbátan tí ìran mẹ́rin fi ìgbéyàwó àti ìtọ́jú so, ẹni tí ó bá gé e yóò jíyìn.

Baba ọmọbìnrin náà gbọ́ ọ̀rọ̀, Ọlọ́hun rọ ọkàn rẹ̀, a sì so yìgì wọn níbí. Àmọ́ ìpàdé ẹbí náà kò tíì kún bí ti tẹ́lẹ̀ títí di òní. Ìdí nìyí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá sórí mínbárì.

Bí a ti í wá a

Ẹ jẹ́ kí á wá a bí àwọn onímọ̀ hàdíìsì ti ń wá ọ̀rọ̀. Wọn kì í gba ọ̀rọ̀ lásán. Wọ́n á bèèrè pé, ta ni ó sọ fún ọ, ta ni ó sọ fún òun náà? Ọlọ́hun sì pa á láṣẹ nínú Suratul-Hujuraat, ẹsẹ 6, pé kí á wádìí ìròyìn kí á má baà ṣe ìkà sí àwọn ènìyàn pẹ̀lú àìmọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó wà láàyè. Ìwé lè dúró dè yín, ìyá àgbà kò lè dúró. Ẹ jókòó tì í, ẹ kọ orúkọ, ìlú, iṣẹ́, àti orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ fún òun. Ẹ má gbàgbé àwọn obìnrin. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìjọba àtijọ́, iṣẹ́ ọkùnrin ni wọ́n sábà máa ń kọ, obìnrin a sì di ìyàwó ẹni báyìí nìkan. Bẹ́ẹ̀, aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo, amọ̀kòkò Ìlọrin, obìnrin ni wọ́n, àwọn ni ó sì bọ́ ọ̀pọ̀ ilé.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìwé tí ó wà nínú ilé: rìsíìtì owó orí, ìwé ilẹ̀, ìwé ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ìwé yìgì, àti ìwé Lárúbáwá tí àwọn baba wa àáfà fi sínú àpò awọ. Ẹ má dáná sun ún, ẹ má sì tà á fún aláǹgbá-ìwé kankan. Ẹ gbé e wá kí á bá yín kà á. Bí ẹ bá fẹ́ lọ síwájú, ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀ àti ti ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀. Ohun tí ẹ bá sì rí tí ó lè dójú ti ẹnìkan, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ fún àgbà ilé ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tí ó bá bo àṣírí Mùsùlùmí, Ọlọ́hun yóò bo tirẹ̀ láyé àti lọ́run.

A sọ ọ̀rọ̀ wa yìí, a sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa, fún yín, àti fún gbogbo Mùsùlùmí. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, dájúdájú Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

KHUTUBAH KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ìbéèrè kan ṣẹ́ kù tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bi wá: àwọn baba ńlá wa tí Ìsìláàmù kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn ńkọ́? Firiaona bi Ànábì Musa ní irú ìbéèrè yìí, ó ní kí ni ti àwọn ìran àkọ́kọ́. Nínú Suratu Taha, ẹsẹ 52, Ànábì Musa dá a lóhùn pé ìmọ̀ nípa wọn wà lọ́dọ̀ Olúwa òun nínú ìwé kan, Olúwa òun kì í ṣìnà, kì í sì í gbàgbé. Ìdáhùn wa náà nìyẹn. A kò rán wa láti ṣe ìdájọ́ wọn. Suratul-Baqarah, ẹsẹ 134, sì kọ́ wa pé ìjọ tí ó ti kọjá ni wọ́n, tiwọn ni ohun tí wọ́n ṣe, tiwa sì ni ohun tí àwa bá ṣe.

Nígbà tí ẹ bá rí orúkọ Mùsùlùmí kan nínú ìran yín, iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ tọrọ àforíjìn fún un. Bí ẹ bá rí gbèsè tí ó jẹ, ẹ san án. Bí ẹ bá rí ìbátan rẹ̀ tí ó ti sọnù, ẹ kí i, kí ẹ sì ràn án lọ́wọ́. Bí ẹ bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ náà lónìí. Alágbàrù tí ń ru ẹrù yín lọ́jà, ó lè jẹ́ pé bí baba ńlá yín ti rí ní Bahia nìyẹn.

Ẹ sì rántí pé àwa náà yóò di ìwé àtijọ́. Ọlọ́hun pa á láṣẹ nínú Suratul-Baqarah, ẹsẹ 282, pé kí á máa kọ gbèsè sílẹ̀, kí akọ̀wé kọ ọ́ pẹ̀lú déédéé. Ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ àti ohun tí wọ́n jẹ yín. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ yín, ti ilé àti ti òde, kí ìjà má baà bẹ́ lórí òkú yín. Ìwé kejì sì ń bẹ, tí a kò lè ya, tí kò fi kékeré tàbí ńlá sílẹ̀. Níjọ́ tí a bá ṣí i, a kò ní bi wá pé ọmọ ta ni ọ́. Ànábì wa ti sọ pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá fà sẹ́yìn, ìran rẹ̀ kò lè mú un yára.

Ọlọ́hun, foríjin àwọn òbí wa àti àwọn aṣíwájú wa nínú ìgbàgbọ́, àwọn tí a mọ orúkọ wọn àti àwọn tí Ìwọ nìkan mọ̀. Ṣàánú àwọn tí wọ́n kú sínú ọkọ̀, àti àwọn tí wọ́n kú sí ilẹ̀ àjèjì, tí kò sí ẹni tí ó kírun sí wọn lára. Da okùn ìbátan wa tí ó já pọ̀. Fi halal bọ́ wa láti inú iṣẹ́ ọwọ́ wa. Má ṣe jẹ́ kí ohun tí a rí nínú ìwé di ìjà láàárín wa, kí o sì fi ìwé wa lé wa ní ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ ìṣírò. Fún wa ní dáadáa láyé àti dáadáa lọ́run, kí o sì gbà wá lọ́wọ́ ìyà iná. Àmín.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, Ọlọ́hun pa wá láṣẹ déédéé, ṣíṣe dáadáa, àti fífún ìbátan ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ rántí Rẹ̀, yóò rántí yín. Ẹ dìde sí ìrun.